Ilé tí wọ́n bí ọmọ sí, ibo ló ń gbé e dé? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ tísà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mò ń kọ́, mo sì tún máa ń kọ́ àwọn kan ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà làwọn òbí máa ń bi mí lóríṣiríṣi ọ̀nà: kí ló dé tọ́mọ tibí ń lọ tọ́mọ tọ̀hún ò lọ, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó lé? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Èyí tó gba àlàyé mo là á yé yín dáadáa, èyí tí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ mo sọ ọ́ ní ṣókí.

Tẹ́ ẹ bá ní ipò tí wọ́n bí èèyàn sí, ṣé owó lẹ̀ ń sọ?

Owó wà níbẹ̀, àmọ́ owó nìkan kọ́. Owó súkúù, owó oúnjẹ, owó tó wà nílẹ̀ tí àìsàn bá dé lóru, gbogbo ìyẹn ṣe pàtàkì. Ohun tí wọ́n mọ̀ nínú ilé yẹn náà tún wà níbẹ̀ o, torí ilé tí bàbá ti ń ka ìwé ìròyìn tí ìyá sì ti lọ yunifásítì rí, ọmọ ibẹ̀ á ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà lèèyàn, ìyẹn àwọn tí ilé yẹn lè gbé fóònù pè tọ́rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yìí kì í sábà wà nílé kan náà. Mo mọ àwọn ìyá tó ń tajà ní Bódìjà tówó wọn ju owó oṣù mi lọ fíìfíì, àmọ́ tí ọmọ wọn bá fẹ́ kún fọ́ọ̀mù JAMB, èmi ni wọ́n ń pè, wọ́n á ní tísà ẹ gbà wá, kí lọmọ yìí lè kà pẹ̀lú sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe yìí? Èmi náà tí mo mọ̀ nípa fọ́ọ̀mù, tówó ilé bá dí mi, àwọn náà ni mò ń lọ yá a lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ọmọ rẹ̀ ti ṣíwájú kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ṣé ẹ̀kọ́ ilé àti ipò ìdílé, nǹkan kan náà ni?

Rárá o, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ náà ti máa ń dùn mí. Tí ọmọ tálákà bá ṣàṣìṣe, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Tí ọmọ olówó bá ṣe irú ẹ̀, wọ́n á ní ìwà ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé, ìyẹn kéèyàn mọ̀ ọ́n kí, kó má mú ohun olóhun, kó sòótọ́, kó mọ̀gbà tó yẹ kóun dákẹ́, owó ò rà á. Yàrá kan ṣoṣo tí èèyàn mẹ́fà ń sùn sí lè kọ́ ọmọ yanjú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ò rí kó ròde ló jẹ́ pé ìyá ẹ̀ kọ̀ láti fún un.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ pípẹ́ dé súkúù ṣàpẹẹrẹ. Ọmọ kan wà tí wọ́n máa ń mú ní géètì lójoojúmọ́, ó ń kúnlẹ̀, ó ń ṣa pàǹtí, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Nígbà tó wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òórùn epo àkàrà ni mo gbọ́ lára yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í. Aago mẹ́rin àárọ̀ ló ń jí, òun ló ń lọ ẹ̀wà, òun ló ń pọnmi, òun ló ń bá ìyá ẹ̀ gbé ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná àti àdògán jáde sójú ọ̀nà, àfìgbà tí àwọn ọlọ́kadà bá ra tiwọn tán ló tó lè wẹ̀. Ọmọ tó ń jí láago mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ. Ọmọ tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé wá, tí wọ́n jí láago méje kù díẹ̀, tí wọ́n ti lọ aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ fún un, òun ni wọ́n fi ṣe píríféètì torí pé kì í pẹ́. Èwo lẹ̀kọ́ ilé níbẹ̀, èwo lowó?

Ṣé kì í ṣe orí ni gbogbo ẹ̀? Wọ́n ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá.

Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ti sọ báyìí, ìtàn Afùwàpẹ́ tó wà nínú Ifá ni mo máa ń rán an létí, torí àwọn tó ń dárúkọ orí kì í sọ ìtàn yẹn dé ìdí.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n, Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń bọ̀ wáyé, wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò yà níbì kankan, wọ́n dé ibẹ̀, wọn ò rí Àjàlá, wọ́n bá mú orí tó tóbi tó sì dára lójú, wọn ò mọ̀ pé kò jinná. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láyé lójò pa orí náà, ó sì ń họ dànù. Afùwàpẹ́ ní tiẹ̀ ní òun gbọ́dọ̀ rí bàbá òun ná. Wọ́n dífá fún un níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n rúbọ iyọ̀ àti owó, bàbá ẹ̀ sì bù fún un nínú iyọ̀ àti owó náà pé kó mú un dání lọ. Ó bá oníbodè lọ́nà tó ń fi eérú sínú ọbẹ̀ tó ń sè, ó bu iyọ̀ fún un, ọbẹ̀ dùn, inú oníbodè náà dùn, ló bá tú àṣírí fún un pé Àjàlá jẹ gbèsè lọ́rùn, tí olówó bá ti dé òkè àjà ló ń sá sí, tó o bá fẹ́ orí tó dáa, bá a san gbèsè náà. Afùwàpẹ́ san án. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀ látòkè àjà, òun fúnra ẹ̀ ló mú un wọlé lọ bá a ṣa orí tó jinná dénú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó gbé Afùwàpẹ́ débẹ̀: ìmọ̀ràn bàbá, iyọ̀ àti owó tí wọ́n bù fún un nílé, àti oníbodè tó di ọ̀rẹ́ ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjèèjì ò ya ọ̀lẹ, wọn ò jalè, ẹni tó máa sọ fún wọn pé orí tó ń dán yẹn ò jinná ni wọn ò rí. Inú ìtàn orí gan-an lọ̀rọ̀ ilé wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ ò nílé kankan tí wọ́n lè yà tí wọ́n á ti bu iyọ̀ fún wọn. Torí náà mi ò ní kẹ́ ẹ má gba orí gbọ́ o, mo kàn ní kẹ́ ẹ má fi orí bo ohun tójú yín rí mọ́lẹ̀ ni.

MKO Abíọ́lá ńkọ́? Igi ìdáná ló tà dàgbà, ó sì di olówó gbogbo ayé mọ̀. Ṣé ìyẹn ò fi hàn pé ẹni tó bá múra máa là?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí Abẹ́òkúta fún wa ní èèyàn méjì tá a lè fi wéra dáadáa.

Wọ́n bí Abíọ́lá lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ 1937. Ọmọ kẹtàlélógún bàbá ẹ̀ ni, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Káṣìmawò, wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ó máa dúró. Ọmọ ọdún 9 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta igi ìdáná, á ti lọ ságbó kílẹ̀ tó mọ́ á sì ti tà á kó tó lọ súkúù, owó yẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15 ó kó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ wọ́n ń ṣeré lóde ìnáwó, oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún wọn, nígbà tórúkọ wọn wá yọ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. Ó lọ Baptist Boys' High School, ó ní ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ tó fi dé Yunifásítì Glasgow ní Scotland, ó kàwé ìṣirò owó níbẹ̀.

Ọdún kan àti díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, 15 oṣù kẹwàá 1938, Abẹ́òkúta yẹn náà ni wọ́n ti bí Fẹlá. Bàbá ẹ̀, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn tísà Nàìjíríà. Ìyá ẹ̀ Fúnmiláyọ̀ ti lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látọdún 1919, òun ló kó àwọn obìnrin ọjà jọ tí wọ́n fi bá owó orí jà títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Bàbá bàbá ẹ̀ tó jẹ́ pásítọ̀ ti lọ kọrin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. Nígbà tó di 1958 wọ́n rán Fẹlá lọ Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ dókítà ni wọ́n ń sọ nílé, ó débẹ̀ ó yà sídìí orin ní Trinity College.

Akíkanjú làwọn méjèèjì, mi ò bu ẹnì kankan kù. Àmọ́ ẹ ronú ẹ̀ wò. Nígbà tọ́kàn Fẹlá yí padà, kò sẹ́ni tó máa sùn lébi nílé torí ẹ̀. Wọ́n lè bínú, àmọ́ ilé ò dàrú. Ká ní Abíọ́lá ló débẹ̀ tó ní mi ò ṣe ìṣirò owó mọ́, orin ni mo fẹ́ ṣe, ta ló fẹ́ gbọ́ bùkátà àwọn tó fi sílé? Òun náà mọ orin o, ó ti ní ẹgbẹ́ olórin láti kékeré. Ohun tí mo ń rí nínú ipò ìdílé nìyẹn, àyè láti ṣàṣìṣe, àyè láti yí ọkàn padà. Ọmọ tálákà lè jẹ́ ọlọ́gbọ́n bíi tàwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbà fún un kó dán an wò.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ò sẹ́ni tó ń kà. Àwọn ọmọ 22 tó ṣáájú Abíọ́lá, wọn ò yè. Ta ló mọ ohun tí wọn ì bá dà? Àwọn ọmọ tó ń ta igi pẹ̀lú ẹ̀ lágbó yẹn ńkọ́, tórí àwọn náà pé, tí wọn ò rí ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ gbà? Ẹni tó là là ń rí, a kì í rí àwọn tó múra bákan náà tí wọ́n kù sí ọ̀nà.

Ṣé ìjọba lè ṣe nǹkan sí i, àbí ilé oníkálukú ni?

Ìjọba ti ṣe é rí, àwa ọmọ Yorùbá la sì jàǹfààní ẹ̀ jù. Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní súkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba, Awókòyà ni mínísítà ẹ̀kọ́. Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, ọmọdé ni nígbà tí bàbá ẹ̀ kú n'Ìkẹ́nnẹ́, oríṣiríṣi iṣẹ́ ló sì ṣe kó tó rí owó súkúù. Nǹkan bí ọmọ 457,000 ló wà ní súkúù lọ́dún 1954, nígbà tó di 1955 wọ́n ti ju 800,000 lọ. Owó kòkó àti owó orí ni wọ́n fi ṣe é, àwọn àgbà kan sì kùn nígbà náà pé ta ló fẹ́ bá àwọn ṣoko bí ọmọ bá lọ súkúù tán.

Ẹ wo inú ilé yín, ẹ máa rí i. Àgbẹ̀ tí ò lè kọ orúkọ ara ẹ̀ bí ọmọ tó di tísà, tísà bí lọ́yà. Ṣé orí àwọn ọmọ àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pé lọ́dún 1955 ni? Ṣé àwọn ìyá tó bí ọmọ ní 1948 ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ni? Ilé ò yí padà, ìwà ò yí padà, ìlẹ̀kùn ni wọ́n ṣí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni UPE ti 1976, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, dé jákèjádò Nàìjíríà, lẹ́yìn ẹ̀ làwọn ìpínlẹ̀ tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, wọlé sí ní 1979 sọ sẹ́kọ́ńdìrì náà di ọ̀fẹ́. Àwọn tó gbé Èkó nígbà yẹn á rántí gómìnà wọn, Jákáńdè, tó kọ́ kíláàsì pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ káàkiri tí àwọn èèyàn ń fi wọ́n wé ilé adìẹ, àmọ́ òun ló fòpin sí bí àwọn ọmọ kan ṣe ń lọ súkúù láàárọ̀ táwọn kan ń lọ lọ́sàn-án torí àyè ò sí. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni fi ilé adìẹ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láé, ọ̀pọ̀ dókítà jáde níbẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni pé owó ìjọba lọ sílẹ̀, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, dé ní 1986, owó tísà ò tó nǹkan mọ́, ẹni tó bá sì ti rí owó díẹ̀ báyìí á gbé ọmọ ẹ̀ kúrò ní súkúù ìjọba. Bí àwọn òbí tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ṣe kó ọmọ wọn kúrò tán, kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ tí òrùlé bá ń jò. Ti yunifásítì náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, oṣù 8 gbáko, látoṣù kejì títí dé oṣù kẹwàá, ọmọ olówó ti wà ní yunifásítì aládàáni tàbí lókè òkun, ọmọ tálákà ló wà nílé tó ń bá wọn ṣe POS.

Ṣé kí n máa sọ Òyìnbó sí ọmọ mi nílé kó lè bá ẹgbẹ́ pé?

Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń bèèrè. Òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, Òyìnbó ni wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́, ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nílé á yára ju ẹni tí kò gbọ́ ọ àfi ní kíláàsì. Súkúù mìíràn tún wà tó jẹ́ pé wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá, ọmọ á wá máa ronú pé èdè tí ìyá òun ń sọ ni ẹ̀rí pé òun ò já mọ́ nǹkan. Ìyẹn burú.

Àmọ́ wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dọ̀ wa níbí. Lọ́dún 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní súkúù St. Stephen's 'A' ní Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fún ọdún 6, Òyìnbó wá dá dúró gẹ́gẹ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí tísà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Òyìnbó kọ́ lọ, títí kan Òyìnbó fúnra ẹ̀. Torí náà ẹ sọ Yorùbá tó jinlẹ̀ sí ọmọ yín, ẹ máa ṣàlàyé nǹkan fún un, ẹ jẹ́ kó máa bi yín ní kí ló dé. Òyìnbó pálapàla tí òbí ń fi tipátipá sọ, tó jẹ́ "come, go, stop it" nìkan, kì í kọ́ ọmọ ní ohunkóhun.

Ọmọ mi mọ̀wé, àmọ́ tó bá dé iwájú èèyàn kò lè lanu. Ṣé ojo ni?

Bóyá ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì ṣe é ní ìkà. Ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ àgbà, kì í wo àgbà lójú, tí wọ́n bá ń bá a wí á dorí kodò. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni nínú ilé wa. Àmọ́ ẹ gbé ọmọ yẹn dé iwájú àwọn tó ń ṣe íńtáfíù fún ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́, tí wọ́n ní kó sọ nípa ara ẹ̀, á dorí kodò. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ máa ń bi nídìí tábìlì oúnjẹ pé kí ni ìwọ rò sí i, òun á jókòó dáadáa, á wo wọ́n lójú, á sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ìkejì yìí gbọ́n, wọ́n á ní àkọ́kọ́ ò dá ara ẹ̀ lójú. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé dójú àmì ló pàdánù yẹn.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí kò sọ̀rọ̀ rí, tí mo bá pè é á dìde á dákẹ́. Mo wá rí i ní Ìwó Road nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ru omi inú ọ̀rá, ó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, ó ń pariwo, ó ń dá onímọ́tò lóhùn, ó ń ṣẹ́ owó fún èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kò sì ṣì í. Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ ju gbogbo wa lọ. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kejì pé ohùn tó o lò lánàá yẹn náà ni kó o mú wá síbí. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀. Nílé, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa sọ bí ọjọ́ ẹ̀ ṣe lọ, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ parí láìjá lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé tó bá dé iwájú àwọn tó ń ṣe íńtáfíù, kó kí wọn tán kó sì gbójú sókè, pé kì í ṣe àfojúdi níbẹ̀.

Mo fẹ́ gbé ọmọ mi fún mọ̀lẹ́bí tó rí já jẹ, kó lè ríbi kàwé. Ṣé ó dáa?

Ó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ibi gíga o, láti ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti ń gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí fún tísà. Àmọ́ ẹ lajú. Nínú ilé kan náà, ọmọ onílé á jókòó máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ọmọ tí wọ́n gbé wá á máa fọ abọ́, á jí kílẹ̀ tó mọ́, súkúù tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi í sí á wá di "tó bá di ọdún tó ń bọ̀". Ilé olówó ló ń gbé, ipò ìránṣẹ́ ló ń kọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ mọ orúkọ súkúù náà àti kíláàsì tó máa wà, ẹ jẹ́ kó ní nọ́ńbà tó lè fi pè yín láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì máa yọjú láìsọ fún wọn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ò gbà kí wọ́n lo ọmọ ní ìlò ẹrú, mọ̀lẹ́bí ni o, àlejò ni o.

Tí ọmọ bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ṣé ipò òbí ṣì ń da nǹkan rú?

Dáadáa. Ọmọ méjì jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, wọ́n jọ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jọ ya fọ́tò. Àwọn òbí ẹnì kìíní ti gba ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìkejì padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, ó ń ràn, ọ̀gá ń gbowó, wọ́n ń fún un ní nǹkan ní Sátidé. Tó bá yá wọ́n á ní ọwọ́ ti àkọ́kọ́ dáa ju tìkejì lọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé ọjọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ tirẹ̀, ó kéré ni o, kẹ́ ẹ má fi jẹun, kó jẹ́ owó máṣìnnì, tòkunbọ̀ náà dáa. Owó fíríìdọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀, ẹ dín in kù jàre, ìrẹsì àti kúlà tẹ́ ẹ fi ṣe àríyá yẹn, ìdajì owó máṣìnnì ni.

Ṣé tá a bá ti kó lọ òkè òkun, ọ̀rọ̀ yìí ti parí?

Ó kàn yí ojú padà ni. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ tí wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, kò síbi tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ sí, wọ́n bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń gbé ọmọ fún àwọn òyìnbó ní Kent, Sussex àtàwọn ibòmíràn, wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn òbí yẹn, lọ́yà àti ẹnjiníà lọ́la ni wọ́n. Àwọn tó gba ọmọ, òṣìṣẹ́ tí ò lówó lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ kan náà wá ní ipò méjì: nílé ní Nàìjíríà ọmọ gbajúmọ̀ ni, níbẹ̀ ọmọ dúdú kan ṣoṣo ní àdúgbò ni, kò gbọ́ Yorùbá, àwọn kan sì sunkún nígbà tí ìyá wọn wá mú wọn torí wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn kan rí ìfẹ́ tòótọ́ níbẹ̀, ojú àwọn kan rí màbo.

Ti òde òní náà wà. Mánéjà bàǹkì tó japa tó ń tọ́jú arúgbó lóru, àwọn ọmọ ẹ̀ ń wo bàbá tó re oko iṣẹ́ lálẹ́, wọn ò mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bíi mánéjà. Ẹ máa sọ ìtàn ara yín fún wọn, kí wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti wá.

Ṣé gbogbo nǹkan ló dẹrùn fún ọmọ olówó?

Rárá. Mo ti kọ́ àwọn tí awakọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tọ́ dàgbà, tí ojú òbí jìnnà sí wọn pátápátá. Ìyà ni ìyẹn náà. Àmọ́ tí wọ́n bá féèlì WAEC, wọ́n á tún gba fọ́ọ̀mù míì.

Ọmọ mi wà ní SS2, owó ò sí, a ò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tísà, kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé òbí nìkan, ẹ lọ bá a kẹ́ ẹ ní a ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ là á yé wa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n náà, ẹnì kan ló sọ fún wọn. Ẹ béèrè bóyá sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe bá ohun tó fẹ́ kà mu, torí mo ti rí ọmọ tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tí kò forúkọ sílẹ̀ fún Physics, wọn ò sọ fún un títí ó fi ṣèdánwò tán.

Ti owó, ẹ má rò pé yunifásítì ti kọjá agbára yín. Látọdún 2024 ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yáni lówó ẹ̀kọ́, ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ súkúù ìjọba lówó láìsí èlé, súkúù ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà fún tààrà, wọn ò bèèrè onídùúró, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà lọ́dún méjì lẹ́yìn NYSC tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kún fọ́ọ̀mù, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín "ṣe é".

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ kó ìwé ìbí ọmọ náà, NIN rẹ̀, àti orúkọ tí súkúù ń lò jáde sórí tábìlì, ẹ kà wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí ọ̀kan bá jẹ́ Adebayo tí èkejì jẹ́ Bayo, tàbí tí ọdún ìbí ò bára mu, ẹ lọ tún un ṣe nísinsìnyí kí súkúù tó fi orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC, torí tó bá ti wọ sáàtífíkéètì, owó àti ìrìn tó máa gbà láti tún un ṣe á pọ̀ ju owó ìdánwò náà lọ.